A Fá Orí Wọn Lẹ́yìn Wọn: Ìtàn Àwọn Ará Erékùṣù Heligoland

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n erékùṣù kékeré kan wà nínú Òkun Àríwá ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó jẹ́ pé léraléra ni àwọn alágbára ayé fá orí àwọn ará ibẹ̀ lẹ́yìn wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba kan gba erékùṣù náà lọ́wọ́ ìjọba mìíràn lójú ogun. Lẹ́yìn ọdún 83, wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ nítorí ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ó sì ṣe, a kó gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kúrò, a sì sọ ilé wọn di pápá tí àwọn ọmọ ogun òfúrufú ti ń kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ǹbù. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1952, kò sí ọmọ onílé kan tí òfin gbà láyè láti sun ilé baba rẹ̀ níbẹ̀.

Heligoland ni orúkọ erékùṣù náà. Bí ó ti di ibi ìdánrawò ogun, àti bí àwọn tí ó ni ín ṣe rí i gbà padà láì yin ìbọn kan ṣoṣo, ni ohun tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jìnnà sí ilé rí ni yóò tètè mọ adùn àti ìkorò inú ìtàn yìí.

BÍ ERÉKÙṢÙ NÁÀ TI RÍ

Heligoland kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ lójú àwòrán ayé. Ó fi nǹkan bí kìlómítà 50 jìnnà sí etíkun Jámánì, ó sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ sí ẹnu odò Elbe àti èbúté Hamburg. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà kan ní ìbú àti lóòró. Òkúta pupa ni, ó ga bí ògiri láti inú omi, orí rẹ̀ sì tẹ́jú bíi pèpéle. Erékùṣù iyanrìn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, kí ìjì òkun tó gé wọn sí méjì ní nǹkan bí ọdún 1720. Láti ara ilẹ̀ wọn ni àwọn ará ibẹ̀ ti mú àwọ̀ àsíá wọn: àwọ̀ ewé fún koríko orí òkè, pupa fún òkúta, àti funfun fún iyanrìn.

Apẹja ni àwọn ará Heligoland láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n mọ òkun náà bí ẹni mọ àgbàlá ilé rẹ̀, nítorí náà àwọn ni wọ́n máa ń tọ́ ọkọ̀ àjèjì sọ́nà wọ ẹnu odò. Láti ọdún 1826 ni àwọn àlejò ti ń wá wẹ̀ nínú òkun níbẹ̀ nítorí ìlera, tí owó àlejò sì di kún owó ẹja. Wọ́n ní èdè tiwọn, ọ̀kan lára àwọn èdè Frisia, tí ó yàtọ̀ sí èdè Jámánì. Ẹni tí a bí síbẹ̀ kì í sọ pé ọmọ ilẹ̀ kan tàbí òmíràn ni òun kí ó tó sọ pé ọmọ Heligoland ni òun.

A FI WỌ́N ṢE PÀÀRỌ̀

Àwọn ará Denmark ni wọ́n ń ṣe àkóso erékùṣù náà títí di ọdún 1807, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní àkókò ogun Napoleon. Ọdún 83 ni ó fi wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ibẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ òkun wọn lọ ní tiwọn.

Ọdún 1890 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tọwọ́ bọ àdéhùn kan ní ìlú Berlin. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó kún inú ìwé náà. Jámánì gbà pé kí Zanzibar wà lábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yọ ọwọ́ nínú àwọn ilẹ̀ kan ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n fa ààlà síbẹ̀ síbẹ̀, títí kan ààlà Tógò àti Gold Coast, èyí tí a mọ̀ sí Gánà nísinsìnyí. Ohun tí Jámánì gbà lára ohun tí ó yọ̀ǹda ni erékùṣù Heligoland.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí. Àwa ará Áfíríkà mọ̀ pé a kò bi àwọn baba ńlá wa léèrè kí a tó fi ìlà gba àárín ilé wọn kọjá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé lórí ìwé kan náà, pẹ̀lú gègé kan náà, ni a ti pààrọ̀ àwọn apẹja aláwọ̀ funfun wọ̀nyí, tí a kò sì bi àwọn náà. Ọbabìnrin Victoria pàápàá kò fi ara mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀ pé kí a fi àwọn ènìyàn náà fún ẹlòmíràn láì gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè rẹ̀ ti pinnu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, a sì fa ti Jámánì sókè.

OGUN MÉJÌ

Ohun tí Jámánì fẹ́ fi erékùṣù náà ṣe kò pẹ́ hàn. Wọ́n kọ́ èbúté ọkọ̀ ogun síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ inú òkúta, wọ́n sì gbé ìbọn ńláńlá sórí rẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, a kó gbogbo ará ìlú kúrò lọ sí orí ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1918 ni wọ́n tó padà. Lẹ́yìn ogun náà, àwọn tí ó ṣẹ́gun pàṣẹ pé kí a wó gbogbo odi ogun ibẹ̀ lulẹ̀, a sì wó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ó tún un kọ́ ju ti àtijọ́ lọ, pẹ̀lú ibùdó ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Báyìí ni ibi ìsinmi àwọn àlejò di àfojúsùn ọ̀tá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, ogun àgbáyé kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn ènìyàn kan ní erékùṣù náà, ará ìlú àti ọmọ ogun, gbìmọ̀ pọ̀ pé kí wọ́n juwọ́ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì kí ilé wọn má baà parun. Georg Braun àti Erich Friedrichs wà lára wọn. Àṣírí tú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ni a mú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ òfúrufú tí ó súnmọ́ 1,000 dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì rọ òjò bọ́ǹbù lé e lórí. Àwọn ará ìlú sá wọ inú ihò tí a gbẹ́ sínú òkúta, ihò náà ni ó sì yọ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, ìlú ti di òkìtì. Ní ọjọ́ 19, bọ́ǹbù tún dé. Ní ọjọ́ 21, àwọn aláṣẹ Hitler yìnbọn pa márùn-ún nínú àwọn tí ó fẹ́ gba ìlú là.

Àwọn ará erékùṣù náà, nǹkan bí 2,500, di ẹrù tí ó ṣẹ́kù sí ọwọ́ wọn, a sì fi ọkọ̀ kó wọn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ogun parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba erékùṣù náà. Ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Ṣùgbọ́n ní ti ará Heligoland, wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà.

ILÉ DI PÁPÁ ÌDÁNRAWÒ

A kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jámánì ni ó dá ogun sílẹ̀, òun ni ó sì fi odi ogun kún inú òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní òun kò fẹ́ kí a tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1947, tí ó pé ọdún méjì géérégé lẹ́yìn ọjọ́ òjò bọ́ǹbù, wọ́n kó nǹkan bí 6,700 tọ́ọ̀nù ohun abúgbàù sínú àwọn ihò ogun náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi kan. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìbúgbàù tí ó tóbi jù lọ tí ọmọ ènìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láì lo àdó olóró ti átọ́míìkì. Èéfín rẹ̀ ga ju òkè lọ, a sì gbọ́ ìró rẹ̀ dé etíkun Jámánì, níbi tí àwọn onílé wà. Gúúsù erékùṣù náà wó lulẹ̀, ojú ilẹ̀ rẹ̀ sì yí padà títí di òní. Ṣùgbọ́n òkúta pupa náà kò rì. Nígbà tí èéfín ká kúrò, Heligoland ṣì wà lójú òkun.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, à bá ní iṣẹ́ ogun ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò tún sí odi ogun kan tí ó kù láti wó, àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì kò jáwọ́. Wọ́n ń lo erékùṣù náà fún ìdánrawò: ọkọ̀ á gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á wá ju bọ́ǹbù sí Heligoland, á sì padà sílé. A fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ilé, ilé ìsìn, itẹ́ òkú àwọn baba, kò sí èyí tí ó yọ. Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ibẹ̀, ilé gogoro kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti fi ń ṣọ́ ọkọ̀ òfúrufú ni ó dúró. Ìyà náà kan àwọn apẹja etíkun pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí nígbà tí ìjì bá bá wọn lójú agbami.

Àwáwí tí ó máa ń wà fún irú nǹkan báyìí ni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò sí níbẹ̀ nítorí pé a kò jẹ́ kí wọ́n padà ni.

ÀWỌN ONÍLÉ KÒ DÁKẸ́

Àwọn ará Heligoland tú ká sí Cuxhaven, Hamburg, erékùṣù Sylt àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé mìíràn. Àkókò náà le ní Jámánì; àwọn tí ogun lé kúrò nílé pọ̀ bí eṣú, oúnjẹ àti ibùgbé kò tó. Ó rọrùn kí ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ènìyàn parẹ́ sínú irú èrò bẹ́ẹ̀, kí èdè wọn kú, kí àwọn ọmọ wọn sì gbàgbé. Wọn kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ erékùṣù náà kan, James Krüss, tí a bí ní ọdún 1926, tí ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé fún àwọn ọmọdé nígbẹ̀yìn, dá ìwé ìròyìn kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí ó fọ́n káàkiri. Títí di ọdún 1956 ni ìwé náà fi ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ní ìlú tí kì í ṣe tiyín mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ọkàn ènìyàn.

Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ké gbàjarè sí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé. Wọ́n rí alágbàwí pàápàá nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì: Douglas Savory, tí ó ń ṣojú fún àwọn ará Àríwá Ireland, kò yéé bi ìjọba rẹ̀ léèrè ìdí tí a fi ń ju bọ́ǹbù sí ilé àwọn ènìyàn tí baba wọn ti jẹ́ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, bọ́ǹbù ń bọ́.

AKẸ́KỌ̀Ọ́ MÉJÌ ÀTI ÀSÍÁ

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1950, nínú òtútù tí ń já egungun, akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti yunifásítì Heidelberg wọ ọkọ̀ apẹja lọ sí erékùṣù náà. René Leudesdorff àti Georg von Hatzfeld ni orúkọ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọ Heligoland. Wọn kò mú ìbọn lọ, àsíá ni wọ́n mú lọ: ti Jámánì, àti ti ẹgbẹ́ tí ń jà fún ìṣọ̀kan Yúróòpù. Wọ́n sùn nínú àwókù ilé gogoro náà. Òtútù lé wọn padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, wọ́n tún ti dé, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́yìn, títí kan àwọn ọmọ erékùṣù náà gan-an, a sì ta àsíá Heligoland pẹ̀lú.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ohun tí wọ́n ṣe yé gbogbo ayé. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà lórí ilẹ̀ náà, a kò lè ju bọ́ǹbù sí i. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kó wọn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1951. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tún lọ lẹ́yìn wọn, a sì ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di ariwo ọjà. Àwọn aṣòfin Jámánì, tí ẹnu wọn kì í sábà kò, fi ohùn kan béèrè pé kí a dá erékùṣù náà padà. Gẹ̀ẹ́sì náà ń wá ọ̀rẹ́ Jámánì tuntun ní àkókò náà. Kò sì dùn ún láti máa ju bọ́ǹbù sílé ẹni tí ó fẹ́ sọ di ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1952, a dá Heligoland padà. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

ÈYÍ TÍ Ó ṢẸ́KÙ

Ẹ má rò pé ìbọ̀sílé náà rọrùn. Ilẹ̀ kún fún kòtò, bọ́ǹbù tí kò tíì bú sì wà nínú rẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ ṣa wọn, kí a tó wọn ilẹ̀, kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ọdún 1959 ni ilé ìsìn tuntun tó parí. Ilé gogoro tí ó là á já ni a sọ di ilé iná tí ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà. Lónìí, nǹkan bí 1,300 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn àlejò ti padà, a sì ń rí bọ́ǹbù àtijọ́ hú nínú ilẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a sọ, bí ó tilẹ̀ korò. Nígbà tí bọ́ǹbù kúrò ní Heligoland, kò kúrò láyé. Wọ́n gbé ìdánrawò náà lọ sí Knechtsand, ibi iyanrìn kan ní etíkun Jámánì tí kò ní olùgbé. Ẹyẹ òkun ni ó ń gbé ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú ní ọdún 1954, kí ariwo àwọn ará etíkun tó mú kí ó dópin ní ọdún 1957.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Puerto Rico, lábẹ́ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1941 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti gba ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ erékùṣù Vieques lọ, tí wọ́n sì há àwọn ará ibẹ̀ mọ́ àárín. Nígbà tí àwọn ará Culebra, erékùṣù kejì wọn, jà títí tí ìdánrawò fi dópin lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 1975, Vieques ni ẹrù náà rọ̀ lé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1999, bọ́ǹbù tí ó ṣìnà pa David Sanes, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ aṣọ́nà níbẹ̀. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe ní Heligoland ni àwọn ènìyàn Vieques náà ṣe: wọ́n wọ inú pápá ìdánrawò, wọ́n pa àgọ́, wọ́n sì jókòó lé e fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2003, àwọn ọmọ ogun náà kó ẹrù wọn.

Kò sí ìjọba tí kò nílò ibi tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yóò ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí a bá tọ́ka sí lójú àwòrán ayé, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ jẹ́ ilé ẹnìkan, kí ibojì baba ẹnìkan sì wà níbẹ̀. Bíbéèrè lọ́wọ́ onílé kò gba àkókò tó ọdún méje.

Ní ti àwa tí a wà lájò, ẹ̀kọ́ ti àwọn ará Heligoland kò fara sin. Kì í ṣe agbára ni wọ́n fi gba ilé wọn, nítorí wọn kò ní agbára kankan. Wọ́n ń sọ èdè wọn nínú ilé àlejò, wọ́n ń ka ìròyìn ara wọn, wọ́n sì ń dárúkọ ilé wọn létí àwọn ọmọ tí kò tíì rí i rí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ní ọdún 1952, àwọn tí yóò gba ibẹ̀ wọlé ṣì wà. Títí di òní, ọjọ́ 1 oṣù kẹta jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún níbẹ̀. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbàgbé orúkọ ilé rẹ̀ ni ọ̀nà ilé kì í dí mọ́.